Kíndìnrín bàbá nínú ọmọ ọdún mẹ́fà: ìdáhùn fún ìyá kan ní Ìgbógbó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín ní Íńdíà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Láti oṣù tó kọjá la ti padà sílé. Ara rẹ̀ ti yá, ó ń jẹun, ó ti sanra, ó ń sáré kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní láàbù kan nítòsí wa, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kíndìnrín ló ń fọ̀ ọ́ jáde, tó jẹ́ 0.5 ní Íńdíà ti di 53. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Ó tún ti ń tọ̀ sílé, bẹ́ẹ̀ kì í tọ̀ sílé tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ ti gbádùn, oògùn òyìnbó yìí ti pọ̀ jù, wọ́n ti se àgbo ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ilé-ìwé sì ti fẹ́ wọlé. Ṣé kí n jẹ́ kó lọ? Ṣé ọmọ mi ti bọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá oorun yín padà. Ẹ mú ìwé àyẹ̀wò méjèèjì síta, ẹ wo àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà náà. Lára ti Íńdíà, mg/dL lẹ máa rí. Lára ti Ìkòròdú, µmol/L ni mo gbà pé ó máa wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀n, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Ẹ fi 88.4 pín 53 yẹn, 0.6 ló máa fún yín. Ọmọ tí creatinine rẹ̀ bá jẹ́ 53 ní òṣùwọ̀n ti Íńdíà kò ní lè dìde jókòó, ká má tíì sọ pé á máa sáré kiri.

Láti 0.5 bọ́ sí 0.6 kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé oorun lọ. Ẹ̀rọ láàbù kan sí òmíràn lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ọmọ tí kò mumi tó lánàá náà lè fà á. Síbẹ̀, ẹ má kàn gbé e tì o. Ẹ tún un ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ní láàbù kan náà, nígbà tí ọmọ bá ti mumi dáadáa. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ mú láàbù kan ṣoṣo, kí ẹ dúró tì í. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́, nọ́ńbà àti òṣùwọ̀n rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Láti inú ẹran ara ni creatinine ti ń wá. Ọmọdé kò ní ẹran ara púpọ̀, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà tirẹ̀ fi máa ń kéré. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ láàbù fi ń sọ pé ó dára tàbí ó ti ga jù, ti àgbàlagbà ni. Bí ti ọmọ yín bá di 0.9 lọ́la, ìyẹn nǹkan bí 80 ní òṣùwọ̀n ti Ìkòròdú, ìwé láàbù lè sọ pé kò sí ohun tó ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì èyí tó ní ní Íńdíà. Nítorí náà, ẹ má gba "ó dára" lẹ́nu ẹnikẹ́ni láìrí nọ́ńbà fúnra yín. Ọmọ yín ti àná ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ọmọ ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n.

Ẹ wá bi mí bóyá ó ti bọ́. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ fún ìyẹn gidigidi. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí kíndìnrín bàbá rẹ̀ bá ṣì wà nínú rẹ̀, oògùn kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lé ohunkóhun tí kì í ṣe ti ara náà jáde. Bí ọlọ́dẹ àdúgbò ṣe ń wo àjèjì tó ń rìn lóru ni wọ́n ṣe ń wo kíndìnrín yẹn. Ti bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ ìdajì péré ni ọmọ fi jọ bàbá nínú àwọn àmì tí ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí fi ń dá ènìyàn mọ̀. Ìpààrọ̀ kíndìnrín àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere láyé, èyí tí wọ́n ṣe ní Boston ní Amẹ́ríkà ní December 23, 1954, ìbejì tó jọra délẹ̀délẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ara ẹni tó gbà á kò rí àjèjì kankan nínú kíndìnrín náà rárá. Ọmọ yín kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀. Oògùn ló ń dá àwọn ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́kun ní ojoojúmọ́, wọn kì í sì í gbàgbé ẹni tó wọlé, bó pẹ́ títí bó pẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa àkókò tí ẹ wà yìí ni pé ojú kò rí i nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ lè máa jẹ, kó máa ṣeré, kó máa tọ̀ bó ṣe yẹ, kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan sì jẹ́ ẹlẹ́rìí pé ara ti ń bá kíndìnrín náà jà. Nígbà tí ojú bá fi máa wú, tí ìtọ̀ bá dínkù, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru, tí ibi tí wọ́n fi kíndìnrín sí bá ń dùn ún, ó ti ń pẹ́. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, abẹ́rẹ́ wà tí wọ́n fi ń dá a dúró, ó sì sábà máa ń gbọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún, tó jọ pé òun ni ìyá ọkọ yín rí tó fi ní ọmọ ti gbádùn, prednisolone, ọ̀kan nínú àwọn oògùn rẹ̀, ló sábà ń fà á: ó máa ń mú kí ọmọ jẹun púpọ̀, kí ojú rẹ̀ sì tóbi. Bí wọ́n bá ti ń dín in kù ni ojú náà máa ń padà sípò. Ẹ má wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ ìlera ọmọ yìí. Aago oògùn àti nọ́ńbà inú ìwé kékeré yẹn ni kí ẹ máa wò.

Oògùn náà ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n sábà ń fún ọmọdé ni wọ́n fún un, mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone. Tacrolimus lọ́ba wọn. Bó bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, ara á kọ kíndìnrín. Bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á máa pa kíndìnrín náà lára, ọwọ́ ọmọ á sì máa gbọ̀n. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì kò fẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní wákàtí méjìlá síra wọn gẹ́lẹ́. Aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́ ló rọrùn jù fún ọmọ tó ń lọ sílé-ìwé, nítorí pé ilé ni ó ti máa lo méjèèjì. Ẹ fi aláàmù sórí fóònù méjì, kó má jẹ́ fóònù kan ṣoṣo tí iná lè tán nínú rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó ń kírun, ẹ má so ó mọ́ àkókò ìrun, nítorí pé àkókò ìrun máa ń yí láàárín ọdún. Tacrolimus kì í yí. Bí ẹ bá ń fún un lẹ́yìn oúnjẹ, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ lójoojúmọ́. Bó bá sì jẹ́ kó tó jẹun ni, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Bó bá bì lẹ́yìn oògùn ńkọ́? Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń sọ ni pé, bí kò bá tíì pé ìṣẹ́jú 30, ẹ tún un fún un. Bó bá ti ju wákàtí kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀ di ìgbà tó kàn. Bó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, ẹ pe àwọn dókítà yín. Bó bá bì léraléra débi pé oògùn méjì kò dúró, ẹ má jókòó sílé. Bí ẹ bá gbàgbé pátá, ẹ má di méjì pọ̀ láti fi sanwó ti àárọ̀, ẹ tẹ̀ wọ́n láago. Ìgbẹ́ gbuuru tún ní ewu tirẹ̀: kì í ṣe omi nìkan ló ń gbẹ lára ọmọ, tacrolimus máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ ara páálí nígbà tí ẹ bá lọ rà á. Prograf àti Advagraf, tacrolimus ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń lo ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lo èkejì. Ẹni tó ń ta oògùn lè fún yín ní ọ̀kan dípò èkejì tọkàntọkàn, kó ní ohun kan náà ni. Kì í ṣe ohun kan náà. Ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe tacrolimus náà, ẹ má yí sí i láìjẹ́ pé dókítà yín mọ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ku ti ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ ti máa wá òmíràn. Ẹ má jẹ́ kó di ti ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé kò sí ní gbogbo kẹ́míìsì. Ẹ fi kápúsù sínú bébà rẹ̀ títí di ìgbà tó máa lò ó, ní ibi tí oòrùn àti omi kò ti lè dé bá a. Bí aboyún bá wà nínú ilé, kó má tú kápúsù mycophenolate o, kó má sì fọwọ́ kan ìyẹ̀fun inú rẹ̀, ó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ mú un wá fún àyẹ̀wò tacrolimus, ẹ má fún un ní ti àárọ̀ nílé. Èyí tó kù sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjìlá ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Mo ti rí òbí tó ti Ìkòròdú jí ní aago mẹ́rin, tó fún ọmọ ní oògùn nítorí kó má baà gbàgbé, tó wá fi gbogbo ọ̀nà Mile 12 sí Kẹ́tù sí Ọjọ́ta jìyà lásán, nítorí pé nọ́ńbà tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé oògùn náà dání nínú báàgì pẹ̀lú omi àti búrẹ́dì. Bí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ tán, kó lò ó lójú ẹsẹ̀. Kò pọn dandan kí ebi pa á nítorí àyẹ̀wò yìí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n tún fẹ́ wo ṣúgà rẹ̀ ni wọ́n lè ní kó má jẹun, omi nìkan ni kó máa mu. Bí ọ̀nà bá dí tí ẹ̀jẹ̀ fi di èyí tí wọ́n fà ní aago mẹ́sàn-án, ẹ kọ aago tó lo oògùn ní alẹ́ àná àti aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù. Dókítà á mọ bó ṣe máa kà á. Àwọn dókítà kíndìnrín ọmọdé wà ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá méjì yìí: LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ ọmọ sílẹ̀ ní ọ̀kan nínú wọn láti ìgbà tí ẹ ti dé, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Dókítà Íńdíà lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n kò lè fọwọ́ kan ikùn ọmọ ní aago méjì òru.

Ó wá kan ìyá àgbà. Ẹ má bá wọn jà, nítorí pé ìfẹ́ ló gbé wọn dé ìdí ìkòkò àgbo náà. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò gbọ́dọ̀ mu ún, kì í ṣe díẹ̀, kì í ṣe ṣíbí kan. Ewé àti egbò kan wà tó ń mú kí ara tètè da tacrolimus nù, òmíràn sì ń mú kó ṣẹ́ jọ. Kò sí ẹni tó lè fojú wo ìkòkò kó sọ èyí tó wà níbẹ̀. Káún tí àwọn mìíràn ń fi sí i tún ń kó ẹrù lé kíndìnrín lórí. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ewédú ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ sọ èyí fún wọn, ẹ̀rí mi ni pé ó máa ń wọ àgbàlagbà létí: kíndìnrín tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa ló ń pàṣẹ fún ara pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun tí àgbo ẹ̀jẹ̀ fẹ́ ṣe, ọmọ wọn ọkùnrin ti gé e lára rẹ̀ fún ọmọ-ọmọ wọn. Ẹ fi PCV rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, èyí tó wà ṣáájú iṣẹ́ abẹ àti ti ìsinsìnyí, hàn wọ́n, kí wọ́n rí bó ṣe gòkè. Lẹ́yìn náà, ẹ fún wọn níṣẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ẹ fi aago méje alẹ́ sí ìkáwọ́ wọn. Ìyá àgbà tó bá ń ṣọ́ oògùn fúnra rẹ̀ kì í pẹ́ di ẹni tó ń bá àwọn ará ilé yòókù jà nítorí rẹ̀.

Kẹ́míìsì ìta náà ńkọ́? Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ há sórí. Ibuprofen àti diclofenac ń pa kíndìnrín lára, kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá, bó ti wù kí eyín tàbí orí máa fọ́ ọ tó. Erythromycin tí wọ́n sábà ń fún ọmọ tó ń wúkọ́ máa ń ti tacrolimus gòkè gan-an, àwọn oògùn kan tí wọ́n ń lò fún làpálàpá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ikọ́ fée àti ti wárápá sì máa ń fà á wálẹ̀. Ẹ máa dárúkọ tacrolimus kí ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dókítà pàápàá. Nínú èso, gíréèpù, ọsàn ńlá tó korò díẹ̀ yẹn, ni kí ó yàgò fún. Ọsàn mímu wa kò ní nǹkan ṣe.

Ibà ni mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù. Bí ara rẹ̀ bá dé 38 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná ara, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká ra oògùn ibà ká wò ó di ọ̀la. Oògùn tó ń dáàbò bo kíndìnrín ti dá ẹ̀ṣọ́ ara lẹ́kun, kòkòrò tó ń ṣe ọmọ mìíràn níwọ̀nba lè bo òun mọ́lẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ó lè jẹ́ ibà ẹ̀fọn lóòótọ́, Ìkòròdú la wà. Ó sì lè jẹ́ kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí ti ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú lẹ lè kọ́kọ́ sáré dé lóru, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, kí ẹ fi nọ́ńbà àwọn dókítà kíndìnrín yín lé wọn lọ́wọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn ní alaalẹ́, kò sí àwíjàre.

Ní ti pé ó ń tọ̀ sílé, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ayọ̀. Kíndìnrín àgbàlagbà ni wọ́n fi sínú ọmọ kékeré; kíndìnrín náà ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán àti ní òru, àpò ìtọ̀ rẹ̀ tó ti pẹ́ tí kò rí ìtọ̀ gidi gbà sì ti sún kì. Ó máa ń gba oṣù mélòó kan kó tó fẹ̀ padà. Ẹ má nà án, ẹ má fi ṣẹ̀sín lójú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa tọ̀ ní wákàtí méjì-méjì lójú ọ̀sán, kó mu èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ jí i lẹ́ẹ̀kan lóru. Bí ẹ bá tẹ́ rọ́bà sábẹ́ aṣọ ìbùsùn, ìyẹn ti parí. Ṣùgbọ́n kí a tó fọkàn balẹ̀ pátápátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò fún kòkòrò àti fún ṣúgà, nítorí pé prednisolone àti tacrolimus lè fa àtọ̀gbẹ, tí òùngbẹ á fi máa gbẹ ọmọ, tí á sì máa tọ̀ ṣáá. Bó bá jẹ́ pé ohun tó dí ojú ọ̀nà ìtọ̀ láti inú oyún ló ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wa, ẹ sọ fún dókítà, àpò ìtọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò ìtọ́jú tirẹ̀.

Ẹ tún wo ìwé tí wọ́n fi tú yín sílẹ̀ ní Íńdíà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DJ stent sí. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n ń fi sáàárín kíndìnrín tuntun àti àpò ìtọ̀ kí ojú iṣẹ́ abẹ lè jinná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sábà ń yọ ọ́. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, á máa ta àpò ìtọ̀ jí, kòkòrò á sì máa wọ̀ ọ́. Bí ìwé bá sọ pé wọ́n fi sí i, tí kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n ti yọ ọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò.

Omi ṣe pàtàkì fún un ju fún ọmọ mìíràn lọ. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá ti mọ́ kíndìnrín bàbá rẹ̀ lára. Nínú ara ọmọ kékeré, bí omi bá gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á dínkù kíákíá. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti sọ ìwọ̀n tó yẹ kó máa mu fún yín. Bó bá jẹ́ lítà méjì, omi inú ọ̀rá mẹ́rin tó jẹ́ 50cl nìyẹn. Ẹ kó mẹ́rin sọ́tọ̀ láàárọ̀ kí ẹ lè máa rí bó ṣe ń dínkù. Mo fẹ́ kí ẹ sè é kó tutù kí ó tó mu ún, ti kànga àti ti bohó pàápàá, nítorí pé ṣaláńgá sún mọ́ kànga púpọ̀ ní àdúgbò wa. Oúnjẹ rẹ̀ kò le: kó jiná, kó gbóná, kí iyọ̀ àti magí kéré. Ẹja Báyékù tí wọ́n sè jiná dára fún un. Kò sí nùnù, kò sí ẹyin tí inú rẹ̀ kò jiná, kò sí ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá lójú títì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀wà tí wọ́n fi dù ú nígbà tó wà lórí ẹ̀rọ, ẹ bi dókítà bóyá ó ti lè padà sí wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń padà, ẹ ò rí bí inú wọn ṣe máa ń dùn.

Bàbá rẹ̀ náà, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Kó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ rẹ̀ wò lọ́dọọdún, kó sì jìnnà sí ibuprofen bíi ti ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó lọ sílé-ìwé. Oṣù mẹ́rin ti pé, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá dúró tí dókítà sì gbà, n kò rí ìdí tí ẹ fi máa há a mọ́lé. Mo mọ ẹ̀rù tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a gba kíndìnrín fún kó lè gbé ayé, ẹ má sọ yàrá di ayé rẹ̀. Kó gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí dókítà bá ti yọ̀ǹda, kó má ja ìjàkadì. Iwájú nísàlẹ̀ ikùn ni kíndìnrín tuntun máa ń wà, kì í ṣe ẹ̀yìn. Nítorí náà, ẹ má gbé e sórí táǹkì iwájú ọ̀kadà láéláé. Bí ọ̀kadà bá tẹ búréèkì lójijì, ibẹ̀ gan-an ni irin máa gbá.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára gba ìṣọ́ra. Àjẹsára tí kòkòrò ààyè wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ara rẹ̀ mọ́: ti éèyi, ti ibà pọ́njú, ẹ̀kán pólíò tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu láti ojúlé dé ojúlé. Ẹ tètè kọ́ gbogbo ará ilé pé bí àwọn olùkán-pólíò bá kan ilẹ̀kùn, kí wọ́n má kán an sí i lẹ́nu. Bó bá ní àbúrò, kí ẹ bi dókítà bóyá abẹ́rẹ́ pólíò ló yẹ kó gbà dípò rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ti éèyi ní tiwọn, ààbò rẹ̀ ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa padà sí Íńdíà fún àyẹ̀wò, wọ́n á béèrè káàdì ibà pọ́njú lọ́wọ́ yín. Láti July 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ní ìwé tó wà fún gbogbo ayé rẹ̀, kò sí pé ọdún mẹ́wàá ti pé. Bí ọmọ kò bá ní káàdì kankan, ìwé dókítà pé ara rẹ̀ kò gba àjẹsára yẹn ni kí ẹ gbà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún un lábẹ́rẹ́ náà nítorí ìrìn àjò.

Ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ìwé kí wọ́n tó wọlé, kí ẹ sì fi lẹ́tà sílẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ pé kí òbí kọ nìyí, ẹ lè dà á kọ bó ṣe wà:

"Ọmọ wa ti ṣe ìpààrọ̀ kíndìnrín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó máa mumi láti inú ike tirẹ̀ nígbàkúgbà, kó sì jáde lọ tọ̀ nígbàkúgbà tó bá bẹ̀ yín, láìdúró de ìsinmi. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, bó bá bì, bí ikùn bá ń dùn ún, tàbí bí wọ́n bá gbá a níkùn, ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un ní oògùn kankan, paracetamol pàápàá. Bí ọmọ kankan nínú kíláàsì rẹ̀ bá ní éèyi tàbí ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wa lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí pé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ mọ̀ kíákíá. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ bá a wí bí ẹ ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wí, ẹ sì jẹ́ kó bá wọn ṣeré."

Kí nọ́ńbà fóònù yín, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá àgbà wà lábẹ́ rẹ̀.